Ọkọ̀ Tí A Ń Fi Fóònù Pè: Ẹ̀kọ́ fún Arìnrìn-àjò Tí Kò Wọ̀ Ọ́ Rí

Ní ìlú Òṣogbo àti ní Iléṣà, wíwọ ọkọ̀ kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni. Ènìyàn yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, yóò na ọwọ́, táksí tàbí kòròpẹ́ yóò sì dúró. Yóò sọ ibi tí ó ń lọ, yóò sì jókòó ti àwọn tí wọ́n ti wà nínú ọkọ̀ náà. Kò sí ẹni tí í béèrè orúkọ awakọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí í wo nọ́ńbà ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Èkó, tí ó sọ̀kalẹ̀ ní Bẹ́gà tàbí ní Òjòtá pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa wí fún un pé, “Ẹ má wọ ọkọ̀ kankan o, a ó bá yín pe Uber,” tàbí “a ó bá yín pe Bolt.” Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí pé bí ènìyàn bá wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń wọ táksí nílé, ó lè fi ara rẹ̀ sínú ewu.

Ọdún 2014 ni Uber bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ní 2016 ni ilé-iṣẹ́ kan tí ó ti orílẹ̀-èdè Estonia wá dé. Taxify ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ní 2019 ó yí i padà sí Bolt. Lẹ́yìn èyí ni inDrive pẹ̀lú dé. Ó yẹ kí a mọ̀ pé ọkọ̀ tí èrò ń wọ̀ kì í sábà jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Ti awakọ̀ ni, tàbí ti ẹni tí ó gbé e fún awakọ̀ láti máa fi pa owó wá. Iṣẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ni láti fi èrò mọ awakọ̀ lórí fóònù, láti kọ ìrìn-àjò náà sílẹ̀, kí ó sì yọ ìpín tirẹ̀ nínú owó. Àkọsílẹ̀ yìí ni àǹfààní tí ó tóbi jù nínú ọ̀ràn náà. Bí ènìyàn bá sọnù nínú táksí títì, kò sí ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ṣùgbọ́n bí a bá fi fóònù pe ọkọ̀, orúkọ awakọ̀, nọ́ńbà ọkọ̀, wákàtí tí a wọ̀ ọ́ àti ọ̀nà tí a gbà wà ní ìkọsílẹ̀.

Ẹni tí ó ní fóònù tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì yóò gbé áàpù ilé-iṣẹ́ náà sórí rẹ̀, yóò sì fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ó sàn kí ó ṣe èyí nílé kí ó tó gbéra, kí ó má bàa jẹ́ pé inú ariwo gáréèjì ni yóò ti máa wá dátà kiri. Bí ó bá fẹ́ ọkọ̀, yóò kọ ibi tí ó wà àti ibi tí ó ń lọ, fóònù yóò sì fi iye owó hàn án kí ó tó gbà. Nígbà tí awakọ̀ kan bá gbà láti wá, orúkọ rẹ̀, àwòrán ojú rẹ̀, irú ọkọ̀ rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ náà yóò yọ sójú fóònù.

Fóònù kékeré ni ọ̀pọ̀ àgbà wa ń lò, ṣùgbọ́n èyí kò dí wọn lọ́nà. Ọmọ tí ó wà ní Èkó lè jókòó sí ilé rẹ̀ kí ó bá ìyá rẹ̀ pe ọkọ̀, kí ó sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ awakọ̀ ránṣẹ́ sí i. Kí ọmọ náà ṣáà rí i dájú pé ibi tí ìyá dúró sí ni ó kọ, kì í ṣe ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà. A ti rí awakọ̀ tí ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ọmọ nígbà tí ìyá wà nínú oòrùn ní gáréèjì!

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí gbé wúwo jù ni ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ní ìlú Columbia ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, ẹni ọdún 21, pe Uber ní òru. Ọkọ̀ kan dúró níwájú rẹ̀, ó rò pé tirẹ̀ ni, ó sì wọlé. Kì í ṣe tirẹ̀. Awakọ̀ ọkọ̀ náà pa á. Àwọn ọlọ́pàá wí pé a ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa lọ́nà tí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kò fi lè ṣí i. Ilé-ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ọkùnrin náà ní 2021. Láti ìgbà náà ni a ti ń kọ́ àwọn ènìyàn níbẹ̀ pé kí wọ́n béèrè orúkọ ara wọn lọ́wọ́ awakọ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú ìbéèrè yìí kò hàn lójú kan. Bí màmá kan bá béèrè pé, “Ṣé Fúnmiláyọ̀ ni ó ní kí o wá gbé mi?” ẹnikẹ́ni lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé, “Ọmọ mi, ta ni wọ́n ní kí o wá gbé?” awakọ̀ tòótọ́ nìkan ni yóò lè dáhùn pé, “Fúnmiláyọ̀ ni ó pè mí, mà. Wọ́n ní màmá wọn ni mo máa gbé.” Kí màmá tó béèrè, kí ó ti wo nọ́ńbà tí ó wà lára ọkọ̀: lẹ́tà mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta, lẹ́tà méjì. Kí ó kà á pọ̀ mọ́ èyí tí ó wà lórí fóònù, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, kí ó má wọ̀ ọ́. Awakọ̀ lè wí pé ọkọ̀ òun bàjẹ́ ní àná, pé ti ẹ̀gbọ́n òun ni òun gbé wá. Ó lè jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n kí ó máa lọ, a ó pe òmíràn. Bí ẹnìkejì bá sì jókòó nínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí a má wọ̀ ọ́ bákan náà, nítorí pé ọkọ̀ yìí kì í ṣe kòròpẹ́ tí ń kó èrò jọ.

Kí a sì fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ẹnìkan nílé. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 kan wọ bọ́ọ̀sì ní Èkó ní alẹ́. Bọ́ọ̀sì tí gbogbo ayé mọ̀ tí wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé ni. Nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú, ó fi ohùn rẹ̀ àti nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò padà sílé láàyè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni ilé-ẹjọ́ gíga ní Èkó dá ẹjọ́ ikú fún awakọ̀ náà. A kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. A sọ ọ́ kí ó lè yé wa pé orúkọ rere tí ọkọ̀ ní kò tó, àti pé ó dára kí ẹni tí ó wà nílé ti mọ̀ kí ara tó fu arìnrìn-àjò. Áàpù pàápàá ní ibi tí a lè tẹ̀ tí ẹni tí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà yóò fi máa wo bí ọkọ̀ ti ń lọ ní Ìkẹjà.

Ẹ̀tàn kan tún wà tí ó wọ́pọ̀. Awakọ̀ yóò dé, yóò wí pé, “Mà, ẹ jẹ́ kí a pa á rẹ́ lórí fóònù, kí ẹ fún mi ní owó díẹ̀ kí n gbé yín lọ.” Owó ìpín ilé-iṣẹ́ ni kò fẹ́ san, ó sì lè má ní èrò búburú kankan lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní wákàtí tí a bá pa á rẹ́, àkọsílẹ̀ ti parí, ọkọ̀ náà sì ti di táksí títì. Kí a kọ̀ fún un.

Ní ti owó, ti gbogbo ọkọ̀ ni iye tí fóònù ń sọ, kì í ṣe ti ẹnìkan. Ẹni mẹ́ta tí ó ń lọ sí ibì kan náà lè dá a jọ. Ó máa ń gbówó lórí nígbà òjò àti ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ sílé. Ti inDrive yàtọ̀, nítorí pé èrò ni ó ń dá iye tí ó fẹ́ san, awakọ̀ a sì gbà tàbí kí ó bù lé e. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí baba rẹ̀ ṣe òṣómàáló kò nílò olùkọ́ fún ìyẹn. A lè san owó lọ́wọ́, kí a mú owó kéékèèké dání nítorí ṣéńjì.

Bí ìbẹ̀rù bá dé lójú ọ̀nà, kí a wí fún awakọ̀ pé kí ó dúró ní ilé epo tàbí níbi tí ènìyàn pọ̀ sí, kí a sì pe 112. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹrù ni a gbàgbé sínú ọkọ̀, kí a padà sí àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò náà lórí fóònù kí a sì ti ibẹ̀ kàn sí awakọ̀, kí a ṣe é kíákíá kí ó tó gbé èrò mìíràn.