Irúgbìn ní Ọdún Gbèsè

Kíkà: Jẹ́nẹ́sísì, orí 26, ẹsẹ 1 sí 14.

Ọ̀nà kan wà ní Àpápá, ní Èkó, tí a ń pè ní Liverpool Road. Orúkọ ìlú èbúté kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi sọ ọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù a máa gba ibẹ̀ lọ sí èbúté, níbi tí ẹrù ilẹ̀ wa ti ń wọ ọkọ̀ òkun, kòkó sì wà nínú àwọn ẹrù náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí: awakọ̀, aláàárù, akọ̀wé, àti ìyá tí ń ta oúnjẹ fún wọn. Nígbà tí iṣẹ́ bá dákẹ́ ní èbúté, ebi a dé ilé púpọ̀ ní Àpápá àti ní Ajégúnlẹ̀. Nítorí náà ó yẹ kí àwọn tí ń gbé ibẹ̀ mọ ìtàn ọkùnrin kan tí a kà mọ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ fi kòkó ṣe oko ní ilẹ̀ Yorùbá. Kì í ṣe ọjọ́ ọrọ̀ ni ó gbìn ín. Ọjọ́ gbèsè ni.

Orúkọ rẹ̀ ni James Pinson Labulo Davies. A bí i ní Sàró ní ọdún 1828, níbi tí a ti kọ́ ọ ní ilé-ìwé àwọn Ìjọ C.M.S. Ó ṣe iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, ó di ọ̀gá ọkọ̀ òkun, ó sì wá fi Èkó ṣe ibùgbé ní ọdún 1856 gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò. Òwò rẹ̀ gbòòrò. Nígbà tí a dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, ó wà lára àwọn tí ó fi owó ràn án lọ́wọ́. Ní ọdún 1862 ó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó ní Brighton, obìnrin Yorùbá tí Ọba Obìnrin Victoria tọ́jú bí ọmọ.

Ṣùgbọ́n òwò tí ó gbé ènìyàn ga lè sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹjọ́ gbèsè dìde láàárín òun àti àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní ọdún 1876 a kéde rẹ̀ ní ẹni tí kò lè san gbèsè rẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ mú aya rẹ̀, ó sì kú ní erékùṣù Madeira ní ọjọ́ 15 oṣù August, ọdún 1880. Láàárín ọdún mẹ́rin, ọkùnrin náà pàdánù orúkọ rere lọ́jà, ó sì pàdánù aya.

Ní àkókò yìí gan-an ni ó yíjú sí ilẹ̀. Ó gba irúgbìn kòkó láti inú ọkọ̀ òkun Brazil kan àti láti erékùṣù Fernando Po, èyí tí à ń pè ní Bioko lónìí, ó sì gbìn ín sí Ìjọn, ní ìwọ̀-oòrùn Agége. Nínú oko náà ni ó gbé ọwọ̀n òkúta kan ró ní ìrántí aya rẹ̀.

Kí olùkà ro èyí dáadáa. Igi kòkó kì í so lọ́dún tí a gbìn ín. Ó tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó so èso tí ó nílárí. Onígbèsè a máa wá owó òní. Ẹni tí ó gbin kòkó ń dúró de ọdún tí kò ì tíì dé.

Ìbùkún náà kò sì dúró sí Ìjọn. J. K. Coker, àgbà nínú ìjọ African Church, kọ́ nípa iṣẹ́ kòkó lọ́dọ̀ Davies, ó sì ṣe oko ńlá ní Ìfàkọ̀, lẹ́bàá Agége. Àwọn alágbàṣe tí wọ́n wá láti ìlú òkè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọ́n mú irúgbìn àti ìmọ̀ lọ pẹ̀lú owó iṣẹ́ wọn. Davies kú ní ọdún 1906. Ní oṣù January ọdún 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn, owó kòkó wà lára ohun tí a fi gbé e ró. Ọmọ tí ó jókòó sí kíláàsì ní ọjọ́ náà kò mọ orúkọ onígbèsè tí ó gbin igi ní Ìjọn.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ. Gbèsè kì í ṣe ẹ̀rí pé Ọlọ́run ti kọ ènìyàn sílẹ̀. Kí onígbèsè má ṣe sá fún ìjọ nítorí ìtìjú, kí ìjọ má sì ṣe fi ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wò ó.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ. Ìgbàgbọ́ a máa mú irúgbìn lọ́wọ́. Ní àkókò ìyàn ni Ísákì fúnrúgbìn, Olúwa sì bùkún un. Ẹni tí ó bá ń gbàdúrà, tí ó sì ká ọwọ́ gbera, kò ì tíì parí àdúrà rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìbùkún lè má gba ọ̀nà tí a ń wò, ó sì lè má jẹ́ ti ẹni tí ó gbìn nìkan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣèlérí fún tálákà pé gbogbo ohun tí ó sọnù ni yóò padà: Davies kò tún rí aya rẹ̀ mọ́ ní ayé yìí. Ohun tí ìgbàgbọ́ fún ni ni agbára láti ṣe iṣẹ́ rere tí ó kù.

FÚN ÀGBẸ̀. Fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ìbòòji fún kòkó kékeré. Ní àkókò òjò, já èso tí ó ti dúdú tí ó sì rà kúrò, kí ó má ba àwọn yòókù jẹ́. Fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó tútù fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, máa yí i, kí o tó sá a sí oòrùn. Má ṣe sá a sí etí títì.

FÚN ÌLERA. Àníyàn gbèsè a máa lé oorun lọ. Má ṣe fi ọtí wá oorun. Sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tí ó lè pa àṣírí mọ́, kọ iye gbèsè náà sílẹ̀, kí o sì máa san án díẹ̀díẹ̀.

ÌBÉÈRÈ. 1. Kí ni ó mú kí gbíngbin kòkó ṣòro fún ẹni tí ó wà nínú gbèsè? 2. Àwọn wo ni ó jàǹfààní oko Ìjọn láìmọ ẹni tí ó ni ín? 3. Irúgbìn wo ni ó ṣì kù lọ́wọ́ rẹ lọ́dún yìí?