Ta Ló Gbẹ́ Ihò Òpó Àsíá?

*Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Òkun ni mí, Lokoja ni mo ń gbé. Fídíò ìgbéyàwó ni mo ń yà jẹun. Ó wù mí kí n máa ṣa fíìmù àtijọ́ jọ, kí n fi ṣe sinimá nípa ìlú wa, àmọ́ bàbá mi ní ebi ni yóò pa mí. Ṣé kí n fi iṣẹ́ ìgbéyàwó sílẹ̀?*
*— Ará Abẹ́ Òkè Patti*

Àbúrò mi, má fi í sílẹ̀. Bàbá rẹ kò parọ́. Owó ọkọ̀ ń bẹ níbẹ̀, owó àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni fíìmù ń bẹ níbẹ̀, ọdún sì lè yípo kí kọ́bọ̀ tó wọlé. Àríyá ni yóò máa bọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni. Jos ni wọ́n ti rí fíìmù *Shaihu Umar*, tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà pé ó ti sọnù. Wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Bí ìwọ náà bá ṣí agolo fíìmù kan tó ń rùn bí ọtí kíkan, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Má fi í sẹ́nu ẹ̀rọ kankan, wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti fetí sílẹ̀ nìyí. Ẹni tó gbé kámẹ́rà ló ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù. Nínú fíìmù *Palaver*, tí Geoffrey Barkas yà ní Àríwá wa ní 1926, òyìnbó alákòóso ni akọni. Lokoja náà ńkọ́? Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1900 tí Lugard gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè níbẹ̀, gbogbo ìwé ló dárúkọ Lugard. Ṣùgbọ́n ta ló gbẹ́ ihò òpó àsíá? Nítorí náà, fíìmù tó o bá rí, gbé e tọ àwọn àgbà lọ. Jẹ́ kí wọ́n wò ó jẹ́ẹ́, kí wọ́n sọ fún ọ pé, "Lágbájá nìyí, ọmọ ilé báyìí." Kọ ọ́ sílẹ̀. (Mú obì dání o.)

Kí o tó lọ wá fíìmù àtijọ́ dé Jos rárá, omi tó bo Adankolo àti Ganaja ní 2022, ṣé o yà á? Ẹ̀dà mélòó ló wà? Bí orí fóònù kan ṣoṣo ló wà, dà á sí ibi méjì lónìí, kí o kọ ọjọ́, àdúgbò àti orúkọ àwọn tó hàn nínú fídíò náà sí i. Lẹ́yìn náà, fi han bàbá rẹ, kí o bi í léèrè omi èwo ló pọ̀ jù, ti 2022 ni àbí ti 2012.