Ẹni tí Ó Ń Sin Ẹja, Omi ni Ó Kọ́kọ́ Ń Sìn



Ọ̀pọ̀ ilé ni a ti ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé lóde òní, nínú adágún kékeré tí a fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì mọ. Ohun rere ni, nítorí ó ń fi ẹja sí ọbẹ̀, ó sì ń fi owó sí àpò. Ṣùgbọ́n kò ṣọ̀wọ́n kí ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ó bá ẹja rẹ̀ tí wọ́n léfòó, tí wọ́n dojú ikùn kọ ọ̀run. Nígbà náà ni àwọn mìíràn máa ń wí pé ọ̀tá ni ó da májèlé sí omi. Májèlé lè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa olówó ẹja fúnra wa ni a sábà máa ń fà á láìmọ̀.

Èmi tí mo ń kọ ẹ̀kọ́ yìí ti jẹ nínú ìyà náà rí. Mo rí i pé omi adágún mi ti di aláwọ̀ ewé, ojú sì ń tì mí nítorí àlejò tí ń bọ̀. Mo tú gbogbo omi náà dànù, mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ara ògiri rẹ̀, mo sì fi omi ẹ̀rọ kún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Omi náà mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí ìsàlẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, nínú igba ọmọ ẹja, mẹ́tàdínlógún péré ni ó kù láàyè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé omi tí ó mọ́ lójú ènìyàn lè má dára fún ẹja. Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí.

1. Májèlé tí ojú kò rí

Inú omi kan náà ni ẹja ti ń jẹun tí ó sì ń yàgbẹ́. Láti ara ẹja fúnra rẹ̀, àti láti ara oúnjẹ tí ó bá jẹrà, ni ohun kan ti ń jáde tí a ń pè ní amóníà. Kò ní àwọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jó ẹ̀yà ara pupa tí ẹja fi ń mí lẹ́bàá orí rẹ̀. Nínú odò, omi tí ń ṣàn a máa gbé e lọ. Nínú adágún, kò rí ibi lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni májèlé yìí ń pọ̀ sí i.

Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín kan wà tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé ara ògiri, òkúta àti páìpù inú omi. Àwọn kan ń sọ amóníà di ohun mìíràn tí ó ṣì ní ewu. Àwọn ẹlòmíràn tún ń sọ èyí di ohun tí ẹja lè fara dà títí a ó fi pààrọ̀ omi. Ó ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó nínú adágún tuntun. Ẹni tí ó bá fi ọṣẹ fọ ògiri, àwọn òṣìṣẹ́ tí kò gba owó ni ó ń pa. Nítorí náà, kí ẹja kọ́kọ́ kéré nínú adágún tuntun, kí oúnjẹ wọn sì mọ níwọ̀n.

2. Adágún tuntun àti omi tuntun

Ẹfun inú sìmẹ́ńtì tuntun a máa yọ́ sínú omi, a sì máa sọ amóníà di èyí tí ó túbọ̀ le. Ẹ pọn omi kún adágún tuntun, ẹ dà á nù lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì tún un ṣe léraléra fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹja tó wọ ibẹ̀.

Omi ẹ̀rọ ìjọba sábà máa ń ní kilorínì, oògùn tí a fi ń pa kòkòrò àrùn. Ó dára fún wa, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹja. Ẹ jẹ́ kí irú omi bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tí a kò dé lórí fún ọjọ́ kan gbáko kí ẹ tó lò ó. Ní ti omi kànga jíjìn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í tó. Ẹ jẹ́ kí ó máa já láti òkè wọ adágún.

3. Pípààrọ̀ omi

Ẹ má ṣe tú gbogbo omi dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni kí ẹ yọ, kí ó sì jẹ́ láti ìsàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń rì sí. Bí adágún bá gùn ní mítà 3, tí ó fẹ̀ ní mítà 2, tí omi inú rẹ̀ sì jìn ní mítà 1, lítà 6,000 ni omi náà. Ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ lítà 2,000, èyí ni korobá onílítà 20 ní ìgbà 100. Ẹ dà á sí ìdí ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ajílẹ̀ ni.

4. Oúnjẹ àti èémí

Oúnjẹ tí ẹja kò bá jẹ tán ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 15, májèlé ọ̀la ni. Ẹ dín in kù nígbà mìíràn.

Ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lórí tí ó pẹ̀ka bí igi, èyí tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Nítorí náà, bí ó bá ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kéré jọjọ kò tí ì ní i, ẹpìyà kò sì ní in rárá. Bí gbogbo ẹja bá la ẹnu sí ojú omi, tí wọ́n sì kọ oúnjẹ, ẹ pààrọ̀ omi lójú ẹsẹ̀. Ìdájí ni kí ẹ máa bẹ̀ wọ́n wò, nítorí ìgbà náà ni afẹ́fẹ́ inú omi ń kéré jù lọ.

5. Ohun èlò

Ẹ máa yọ ìdọ̀tí kúrò lára asẹ́ ẹnu páìpù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ sá àwọ̀n sí oòrùn kí ó gbẹ kí ẹ tó tún un lò. Òkúta tí ń sẹ́ omi, omi adágún náà ni kí ẹ fi ṣàn án, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Ẹ yọ wáyà ẹ̀rọ afàmi kúrò lára iná kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ omi. Ẹ̀mí ènìyàn ju ẹja lọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(i) Èéṣe tí omi mímọ́ gaara fi lè pa ẹja?
(ii) Lítà mélòó ni ó yẹ kí a yọ nínú adágún tí ó gba lítà 9,000?
(iii) Nínú àṣìṣe mẹ́ta tí òǹkọ̀wé ṣe, èwo ni ẹ̀yin náà ń ṣe nílé?

Ẹni tí ó bá mọ̀wé kà, kí ó ka ẹ̀kọ́ yìí sókè fún aládùúgbò rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n kà, kí ó tó tún adágún rẹ̀ fọ̀.