Iná Inú Oòrùn

Kí ìrẹsì Ọ̀fàdà, ìrẹsì tí òórùn rẹ̀ ń kí àlejò kí onílé tó kí i, tó dé inú ìkòkò, a ó ti bọ̀ ọ́, a ó ti sá a sóòrùn, a ó sì ti gbé e dé ìdí ẹ̀rọ tí ń bó èèpo rẹ̀, tí ń mu epo dísù, tí ń tú èéfín dúdú. Iná mànàmáná tí ì bá gbà wá lọ́wọ́ dísù, gáàsì ni wọ́n ń sun láti rí i ní Ọlọ́runṣògo, lẹ́bàá Pápálántò. Gáàsì kò sì ṣú dúdú bí dísù, ṣùgbọ́n òun náà ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sójú sánmọ̀, èyí tí ń há ooru mọ́ ayé. A kì í sì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ṣùgbọ́n oòrùn kì í tú èéfín. Kì í ṣe igi, kì í ṣe epo ni ń jó nínú rẹ̀. Nínú ikùn rẹ̀, níbi tí ooru ti tó digírì mílíọ̀nù 15, àwọn kókó háídrójìn ń fún mọ́ra títí wọn a fi para pọ̀ di hílíọ́mù. Hílíọ́mù yìí kò wúwo tó ohun tí ó bí i, ìyókù díẹ̀ náà ni ó sì ń di ìmọ́lẹ̀ àti ooru. Ìdàpọ̀ ni èyí; ilé-iṣẹ́ àtọ́ọ̀mù tó ti ń fún ìlú ní iná, pípín ni wọ́n ń pín kókó àtọ́ọ̀mù.

Àwọn onímọ̀ ń wá bí wọn yóò ṣe dá iná ìdàpọ̀ yìí sílé ayé. Inú omi òkun ni wọ́n ti lè rí ọ̀kan nínú oríṣi háídrójìn méjì tí wọ́n ń lò. Èkejì, ara lítíọ́mù, tí a ń wà nílẹ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú, ni wọ́n ti lè mú un jáde. Ṣùgbọ́n ooru tó ju mílíọ̀nù 100 digírì ni iṣẹ́ náà ń béèrè, kò sì sí ìkòkò tó lè gbà á; nítorí náà, agbára òòfà ni wọ́n fi ń ká a mọ́ agbedeméjì ẹ̀rọ, kí ó má bàa kan ògiri. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Culham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1983 títí di 2023. Nítorí pé àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí, orílẹ̀-èdè tó lé ní 30 ti pawọ́ pọ̀ láti kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ ní gúúsù ilẹ̀ Faransé.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 2022, ní Livermore nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà: láti mú ìdàpọ̀ wáyé, ìtànṣán lésà ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ háídrójìn tí kò tó ẹyọ ìrẹsì kan. Agbára tó jáde sì tó ìlọ́po kan àbọ̀ èyí tí ìtànṣán náà gbé wọlé. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná tí àwọn ẹ̀rọ lésà náà jẹ ju gbogbo rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ibi tí ọ̀rọ̀ sọ sí nìyí: títí èrè yóò fi borí ìnáwó, kò sí ìlú tí yóò rí iná ìdàpọ̀ tàn. Ẹni tó bá sì fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ìdàpọ̀ àti pípín?
2. Èé ṣe tí a kò fi lè da irú ooru bẹ́ẹ̀ sínú ìkòkò?
3. Kí ni ó kù kí iná yìí tó lè wúlò fún ẹ̀rọ ìrẹsì ìlú wa?