ṢÉ ṢẸ́Ẹ̀SÌ TỌ́ SÍ ỌMỌ KÉÚ?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó fún ọmọ ènìyàn ní làákàyè. Àwọn òbí kan ń bi wá léèrè nípa ṣẹ́ẹ̀sì tí a ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìdáhùn wa rèé.

Eré yìí ti pẹ́ láàrin Mùsùlùmí. Shatranj ni Lárúbáwá ń pè é. As-Suli ará Baghdad, tó kú ní nǹkan bí ọdún 946, kọ ìwé lé e lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn onímímọ̀ kò ṣọ̀kan. Ìmáámù Màlíkì kò fẹ́ ẹ. Ìmáámù Ṣáfíì kà á sí ohun àìfẹ́ tí kò dé haraamu, bí kò bá sí tẹ́tẹ́ níbẹ̀, tí kò sì dí ìrun lọ́wọ́. Nítorí náà, a kì í fi tipá kọ́ ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá fẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta á, ẹ kíyè sí ọmọ-ogun: kì í padà sẹ́yìn. Ẹ ro ó kí ẹ tó sún un, bí ẹ ti gbọ́dọ̀ ro ọ̀rọ̀ kí ẹ tó sọ ọ́, nítorí ẹyin lohùn. Bí ládàánì bá pe ìrun, ẹ dìde. Ẹni tí kò bá lè fi ayò sílẹ̀ lásìkò ìrun, kó fi í sílẹ̀ pátápátá.

Kí Ọlọ́hun fún wa lóye. Àmín.