Àkísà Àgbà: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Aago Ọwọ́ Àtijọ́

Àwọn baba wa ló máa ń wí pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. N kò sì tíì rí ọjà tí òwe yìí bá mu bí aago ọwọ́ àtijọ́, nítorí pé ẹni tó ń wá aago tuntun tó ń dán gbinrin yóò rí i rà lónìí, yóò sì tún rí i rà lọ́la, ṣùgbọ́n aago tí wọ́n ṣe ní 1957, tí oòrùn ọ̀pọ̀ ọdún ti sọ ojú rẹ̀ dúdú di pupa rúsúrúsú, tí ọ̀dà orí rẹ̀ sì ti pọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè tún irú rẹ̀ bí mọ́. Àkísà yìí gan-an ni a ń fowó rà. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò bọ́ àkísà lára àgbà kí ó tó mọ̀ pé òun ti sọ owó nù, tàbí kẹ̀, yóò san owó àgbà fún ọmọdé tó yá àkísà wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi aago kan ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn Speedmaster ti ilé-iṣẹ́ Omega ní orílẹ̀-èdè Switzerland, aago akọni, arìn-jìnnà tó dé ibi tí ẹyẹ kò fò dé, èyí tó bọ́ sí ọjà ní 1957, tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní 1965 fún àwọn tí ó ń rán lọ sójú òfuurufú, tó sì wà lọ́wọ́ Buzz Aldrin, ọ̀kan lára wọn, nígbà tó tẹ ilẹ̀ òṣùpá ní oṣù Keje 1969. Ní oṣù Kọkànlá 2021, ní ìlú Geneva, ilé gbàǹjo Phillips gbé ọ̀kan nínú àwọn àkọ́bí aago yìí síta, èyí tí nọ́ńbà irú rẹ̀ jẹ́ 2915-1, tí ojú rẹ̀ sì ti pọ́n rúsúrúsú bí àwọn olùfẹ́ aago ti ń fẹ́ ẹ. Wọ́n ti fojú díwọ̀n rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò ní ju 120,000 fránǹkì Switzerland lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, iye tí wọ́n san fún un ti fo 3,000,000 kọjá. Omega fúnra rẹ̀ ló rà á, fún ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀. Ní 2023 ni ilé-iṣẹ́ náà jáde, tó wí pé àṣàjọ ni aago náà, pé ṣe ni wọ́n kó ẹ̀yà ara oríṣiríṣi aago pọ̀ láti fi dá àgbà tí kò wáyé rí, ó sì fi ẹ̀sùn kan àwọn kan tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí. Bí ìyá tó bí ọmọ bá lè ṣi ọmọ ọlọ́mọ gbé pọ̀n, kí ni kí á retí lọ́dọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà? Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Kí ẹni tó ń ra aago àtijọ́ mú awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi há ojú, kí ó sì kọ́kọ́ tẹjú mọ́ ojú aago, torí níbẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ wà. Kí ó wo àwọn lẹ́tà orí rẹ̀ bóyá wọ́n gún régé, tí etí wọn mú, nítorí ojú tí ènìyàn fi ọwọ́ tún kùn kì í ní irú ìfínjú bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó yẹ ọ̀dà tí ń tàn lókùnkùn wò. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, rádíọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà yìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni trítíọ́mù dé, tó wà títí di àwọn ọdún 1990, tí wọ́n sì máa ń kọ lẹ́tà T sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ Swiss ní ìsàlẹ̀ ojú aago láti fi hàn. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé aago 1957 wá, tí T sì jókòó nísàlẹ̀ ojú rẹ̀, ojú náà kì í ṣe ojú tí wọ́n bí i mọ́. Agbára trítíọ́mù a sì máa dín sí ìdajì láàárín ọdún 12 ó lé díẹ̀, tó fi jẹ́ pé aago àwọn ọdún 1960 tó bá ṣì ń tàn yòò láti alẹ́ títí di òru, ẹnìkan ló ti tún un kùn. Kí ọ̀dà tó wà lára ọwọ́ aago àti èyí tó wà lójú rẹ̀ jọ gbó pọ̀. Bí ọ̀kan bá pọ́n, tí èkejì funfun báláú, kí olùrà béèrè ìdí.

Ti rádíọ́ọ̀mù kọjá ọ̀rọ̀ owó. Ọdún 1,600 ni ó fi ń dín sí ìdajì. Ọ̀dà lè kú, kí ó má tàn mọ́, ṣùgbọ́n oró inú rẹ̀ kò tíì lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ ha á nínú ilé yín, kí eruku rẹ̀ má wọ inú yín. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kun ojú aago ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ń fi ètè mú ẹnu búrọ́ọ̀ṣì wọn ṣóńṣó, ẹ̀mí ni púpọ̀ nínú wọn fi dí i.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti ààfin nìyẹn. Aago àtijọ́ tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ dán, ṣe ni igun rẹ̀ tó mú a di róbótó, ìlà tí ilé-iṣẹ́ fà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a parẹ́, irin tó bá sì ti lọ kò ní padà mọ́. Inú mi a máa bàjẹ́ bí mo bá rí aago tí baba fi sílẹ̀, tí ọmọ wá gbé lọ fún fífọ̀ àti kíkùn kí ó lè dùn ún wò, nítorí arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí, oge baba rẹ̀ sì ni ó ń fọ̀ dànù yẹn.

Kí a ṣí ẹ̀yìn aago kí a tó sanwó. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a ṣí i, kí a kí i pé ó dàbọ̀. Lára ẹ̀rọ inú Speedmaster ni wọ́n kọ nọ́ńbà irú ẹ̀rọ náà sí: 321 ni ti ìgbà àkọ́kọ́, òun náà ló wà nínú aago tó bá Aldrin dé òṣùpá, 861 ló rọ́pò rẹ̀ láti 1968. Àwọn ọlọ́jà a máa pe méjèèjì ní aago òṣùpá, bẹ́ẹ̀ owó wọn jìnnà síra. Ẹ tún wo òrùka dúdú tó yí ojú rẹ̀ ká. Títí di nǹkan bí 1970, òkè nọ́ńbà 90 ni àmì tótó kékeré ibẹ̀ máa ń wà, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òrùka olóókè yìí nìkan ń gba owó tó lè ra odindi aago mìíràn, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń yọ ọ́ lára ọ̀kan láti fi ṣe òmíràn lọ́ṣọ̀ọ́. Ìwé láti inú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ ni ìwé náà ń jẹ́rìí sí, kò jẹ́rìí ojú, kò jẹ́rìí ọwọ́, kò sì jẹ́rìí òrùka.

Ní ti iye owó, ohun tí olùtà pè kì í ṣe iye ọjà. Iye tí àwọn mìíràn ti san fún irú rẹ̀ gan-an ni ìwọ̀n, àwọn ilé gbàǹjo ńlá sì máa ń kéde rẹ̀. Ìtàn lè sọ owó di ọ̀pọ̀ bí ẹ̀rí bá gbè é: Rolex Daytona ti òṣèré Paul Newman, tí ìyàwó rẹ̀ Joanne Woodward fín ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí ó máa rọra wakọ̀, kọjá 17,000,000 dọ́là ní New York ní 2017. Ìtàn tó wà lẹ́nu olùtà nìkan, ẹ má fi kọ́bọ̀ kan kún owó nítorí rẹ̀.

Bí aago bá sì di tiyín, tí ó di dandan kí ẹ fi í ránṣẹ́ fún àtúnṣe, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n tó gbà á pé wọn kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ojú rẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ dán ara rẹ̀, nítorí ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lára láti yọ ti àtijọ́ kí wọ́n sì fi tuntun dípò rẹ̀, èrò wọn ni pé oore ni wọ́n ṣe. Ohunkóhun tó bá di dandan kí wọ́n yọ, kí wọ́n dá a padà nínú àpòòwé. Kí ẹ sì tọ́jú àpòòwé náà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí owó, torí ẹni tí yóò ra aago náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín yóò béèrè rẹ̀.