Ife Láìsí Adé

Kà: 2 Tímótíù 2:1-7
Àkọ́sórí: 2 Tímótíù 2:5

Pọ́ọ̀lù mọ̀ nípa eré ìje. Nínú àkọ́sórí wa lónìí, ó jẹ́ kí Tímótíù mọ̀ pé ènìyàn lè sáré dé òpin kí a má sì dé e ládé, bí kò bá pa òfin eré mọ́. Ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2024 ni ó jẹ́ kí n tún ẹsẹ yìí kà dáradára.

Ní ìlú Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia, pápá kan wà tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré ìje. Ó ṣe roboto bíi ẹyin, yíyípo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò sì pé máìlì kan. Ọkọ̀ tí ó lé ní ọgbọ̀n ni ó ń sá eré àsápajúdé lórí ibi kékeré yìí. Bí imú ọkọ̀ kan bá kan ìdí òmíràn, wọn kì í kà á sí; wọ́n gbà pé ara eré ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ, ìgbà 400 ni wọ́n ní láti yí pápá náà po. Austin Dillon, tí ó wà ní ipò 32 ní ọdún náà, ni ó wà níwájú nígbà tí ó ku ìgbà méjì péré. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, bí awakọ̀ bá borí eré kan ṣoṣo, ó lè wà lára àwọn 16 tí yóò du ipò ọba awakọ̀ ọdún. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Àfi gbàù! Ọkọ̀ méjì mìíràn kọlu ara wọn lẹ́yìn. Wọ́n ju àsíá, gbogbo ọkọ̀ rọra ń lọ, ibi tí Dillon ti já wọn sílẹ̀ sì di asán. Nígbà tí wọ́n tún tú eré sílẹ̀, Joey Logano gba iwájú.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀. Ta ni kò mọ irú ìrora yìí? Ìgbéga tí orúkọ rẹ ti wà níbẹ̀, ilẹ̀ tí o ti san owó rẹ̀ tí ó ku ìwé nìkan. Àṣìṣe ẹlòmíràn ni ó bà á jẹ́. Dillon kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni títí di àkókò yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò wà.

Ní kọ́nà tí ó kẹ́yìn, ó fi imú ọkọ̀ gbá ìdí ọkọ̀ Logano, ìyẹn sì pòyì kúrò lọ́nà. Denny Hamlin rí àyè, ó fẹ́ gba inú kọjá. Ẹni tí ń bá Dillon wo ọ̀nà láti òkè ń pariwo lórí rédíò pé kí ó gbá a. Dillon sì gbá a mọ́ ògiri. (Olùfẹ́, ta ni ń sọ̀rọ̀ sí ọ létí ní kọ́nà tí ó kẹ́yìn?) Ó kọjá ìlà, ó gba ife.

Logano tí wọ́n ṣẹ̀ kò ní sùúrù. Ó fi ìbínú yí táyà gbirigbiri nítòsí àwọn ènìyàn, wọ́n sì bu owó ìtanràn 50,000 dọ́là lé e.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, NASCAR tí ń ṣàkóso eré náà dá ẹjọ́. Wọn kò gba ife lọ́wọ́ Dillon, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìborí náà kò lè mú un wọ àárín àwọn 16, wọ́n sì yọ máàkì 25 lára èyí tí ó ní. Ẹgbẹ́ rẹ̀ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìdájọ́ náà kò yí padà.

Mo rò ó títí. Ife wà nílé, ṣùgbọ́n ohun tí ó torí rẹ̀ gbá ènìyàn méjì dànù kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìwọ ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹnìkan wà tí o tì kúrò lọ́nà kí o tó dé ibi tí o wà? Bóyá ọ̀rọ̀ kan ni o sọ sí ọ̀gá létí. Má wí pé, “Bí a ti ń ṣe é níbi iṣẹ́ wa nìyẹn.” Ní Richmond pàápàá, níbi tí fífara kan ara kì í ti í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ààlà wà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2025, Dillon padà sí pápá kan náà. Kò gbá ẹnikẹ́ni dànù kí ó tó borí. Alex Bowman ni ó ṣe ipò kejì, Dillon sì wọ àárín àwọn 16. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹjọ́ kankan.

Àdúrà: Bàbá, mo rántí ẹni tí mo tì kúrò lọ́nà. Fún mi ní ìgboyà láti lọ bá a lónìí, ní orúkọ Jésù.